Ògiri Tí Kò Lanu

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ já a sílẹ̀ ní Govan,
ìka méjì ni mo fi gbé búlọ́ọ̀kù kan.
Mo rẹ́rìn-ín.
Fóòmù funfun, fífúyẹ́, inú rẹ̀ ṣófo:
ṣé èyí la ó fi kọ́ ilé alájà mẹ́fà?
Ilé tí a fi itọ́ mọ, ṣebí ìrì ní ń wó o.
Morag, ọ̀gá wa, kò gbọ́ èdè mi,
ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀rín aláìgbàgbọ́.
Ó ní, "Tò ó ná."

A tò ó, eyín sínú eyín.
A ki irin bọ inú rẹ̀ bí egungun ẹja.
Páìpù kọnkéré wá gbórí sókè láti ojú títì,
ó ń bi eérú tútù.
"Rọra," ni Morag ń wí,
"ìwọ̀n orúnkún kan, kí ó sinmi."
Ní àjà kẹta, ẹni tó di páìpù mú kánjú:
ikùn ògiri bẹ́.
Èmi àti Zbigniew fi pákó ti ojú ọgbẹ́,
a fi èjìká ti pákó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́,
títí wọ́n fi rí irin gbé wá.
Láti ọjọ́ náà n kò pè é ní itọ́ mọ́.

Yàrá tí à ń gbé, ògiri rẹ̀ ń bu bí búrẹ́dì ọjọ́ kẹfà.
Mítà gáàsì ń jẹ owó, kì í yó.
Ìbídàpọ̀ ọmọ mi ń wọ kóòtù sùn,
àyà rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ ibẹ̀:
ní Glasgow, òtútù ni aláǹgbá.

Ògiri amọ̀ bàbá mi ní Ìkìrun nípọn;
oòrùn á kanlẹ̀kùn títí, inú ilé kò ní dá a lóhùn.
Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ìyá mi ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ náà,
oyún mi ń bẹ nínú rẹ̀.
Nítorí náà, ní àjà karùn-ún, kí kọnkéré tó dé,
mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sínú fóòmù.
Kò sẹ́ni tí yóò rí i.

Lánàá, yìnyín bo òpópó.
A kò tíì tan híítà kankan,
gílóòbù kan péré ló ń tàn ní fúláàtì kejìlá.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo ṣí fìlà,
mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri.
Kò já mi jẹ.
Ó dà bí ara ẹni tó ń sùn.

Orúkọ wa wà nínú ìwé àwọn tó ń retí ilé,
ipò irinwó lé méje.
Mo dé fìlà mi padà.
Morag ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ tìlẹ̀kùn.