Mo Ń Wọn Òfìfo

Ẹ̀yìnkùlé mi ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, lábẹ́ páànù mẹ́rin,
ni lẹ́ẹ̀tì àgbà náà jókòó sí, òórùn epo ń yọ lára rẹ̀.
Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi rà á. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì í.

Ohun tó bá wà níta rọrùn láti wọ̀n:
o fi ẹnu kálípà há a mọ́lẹ̀, ó jẹ́wọ́.
Ṣùgbọ́n ihò!
Ihò kì í ṣe irin, ibi tí irin ti kúrò ni.

Lọ́dún èṣí, Fápọ̀hùndà gbé ilé bíárìn wá láti Ìbòkun,
ti ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́.
Mo ki imú kálípà bọ̀ ọ́, mo ka méjìléláàádọ́ta géérégé,
mo fẹ́ èérún irin dànù.
Bíárìn já wọlé bí òkúta tó já sí kànga.
Mo gé agolo mílíìkì, mo fi wé e nídìí.
Fápọ̀hùndà rí i. Kò sọ̀rọ̀.
Ó ka owó náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní nǹkan.

Ni mo bá lọ sí Àtàkúnmọ́sà, sọ́dọ̀ Ọlátẹ́jú onítòkunbọ̀.
Ó tẹ́ wọn sórí àpò ìrẹsì.
Ọ̀kan lójú bí aago, ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín
ń gbọ̀n bí mo bá ti mí sí i;
owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ewúrẹ́ mẹ́ta.
Ìbídùn ọmọ mi, tó ń kàwé ní Ifẹ̀, ní, "Bàbá, èyí ni."
Mo ní olójú-aago kò dá iye kankan mọ̀,
ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ibi tí òdo wà hàn án,
bí àlejò tó ń béèrè ọ̀nà Ìfọ́fín.
Mo mú ọ̀pá mẹ́ta tó dà bí T, tó ní sípíríìnì nínú,
àti maikiromíta kan tí ẹnì kan ti fi ìṣó kọ sí lára:
S. AJEWOLE.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi.
A máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí owó aṣọ yóò fi jáde.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lóṣòó síwájú ilé tuntun
tí mò ń gbẹ́ fún Fápọ̀hùndà, tí kò tíì mọ̀.
Mo ti ọ̀pá wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kó na apá,
mo dè é díẹ̀, mo yí i kọjá lẹ́ẹ̀kan,
ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, o ti ń bẹ̀ ẹ́ kó purọ́.
Maikiromíta kà á. Mo tún un ṣe.
Àkọ́kọ́ àti ìkejì kò bára mu.
Ihò ò yí padà; ọwọ́ mi ni.
Mo ń tún un ṣe títí ọwọ́ fi dákẹ́.

"Ṣé ó ti tó?" Mo ní irin ṣì gbóná,
ihò gbígbóná a máa ṣe fáàrí.
A jẹ ẹ̀pà. Òjò rọ̀ lórí páànù, ó dá.
Mo wọ̀n ọ́n: ó ti sún kì, kò tó irun orí.
Mo fi ọ̀bẹ bó o lẹ́ẹ̀kan sí i, fẹ́ẹ́rẹ́.

Bíárìn dúró lẹ́nu ihò, kò fẹ́ wọlé.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tì í.
Afẹ́fẹ́ mí jáde lábẹ́ rẹ̀, fùùù,
bí àgbàlagbà tó rí àga tirẹ̀ jókòó sí.

Lọ́la, màá pe Fápọ̀hùndà.
Mi ò ní gbowó.
Agolo mílíìkì yẹn ni mo fẹ́ gbà padà.