Ìwé Ẹ̀kẹta

Ìwé onílà kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi ní Òkèsà,
kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀,
epo àtùpà ti rin ẹ̀yìn rẹ̀ gbingbin.
Kì í ṣe ìwé gbèsè. Kì í ṣe ìwé àjọ.
Orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì sá dé béèsì kẹta,
ló kún inú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún,
bírò pupa tí tísà fi ń máàkì ló fi kọ ọ́.

Pápá wa kò jọ èyí tí wọ́n yà sínú ìwé ìdárayá.
Béèsì kìíní, àpò sìmẹ́ńtì tí a rọ yanrìn sí.
Èkejì, táyà Pijó.
Ẹ̀kẹta wà létí ihò tí àwọn awagóòlù gbẹ́ tí wọn ò dí;
bí eré bá gbé ọ kọjá ibẹ̀, omi lo máa forí bọ̀.
Ilé, òkúta pẹlẹbẹ kan ni,
ìyá àgbà kan ti fi lọ ata rí.

Ọdún 1986: Fàmúrèwá, mẹ́sàn-án.
Ọdún 1987: Fàmúrèwá náà ni. Mọ́kànlá.
Ọdún 1988: "Ọmọ Ìrójò," bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kọ ọ́,
ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé Adétóún ni,
tó wọ ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fi fìlà bo irun dídì?
Mẹ́wàá géérégé. Àwọn ọkùnrin ò kí i fún ọ̀sẹ̀ kan.
Ọdún 1989: òfìfo.
Wọ́n jí igi wa lọ. Nígbà tí a máa rí i,
ó ti di ọmọ odó.

Mo ní, "Bàbá, àwọn tó gbá a fo ọgbà ńkọ́?
Àwọn tó sáré kan délé?"
Ó ní, "Ariwo ti bá wọn kọ tiwọn.
Ẹni tó wà ní ẹ̀kẹta ni kí o wò.
Wò ó bó ṣe lóṣòó, ọwọ́ lórí orúnkún,
bíi bàbá tèmi lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
aṣọ tó tà láwìn lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá ló wá gbowó rẹ̀:
òṣó ni n ó ló títí n ó fi gbowó mi.
Ilé ò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ,
àfi kí ẹlòmíràn bá a gbá a."

Ọdún 1993: Ilésanmí, ẹ̀gbọ́n mi. Mẹ́rìnlá.
Kò sẹ́ni tó tó o.
Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ni bàbá mi fi kọ ìkẹrìnlá:
"Òjò dé. A ó parí rẹ̀ ní Àbámẹ́ta."
Kí Àbámẹ́ta tó pé, àwọn tísà ti daṣẹ́ sílẹ̀;
kí wọ́n tó padà, Ilésanmí ti bá ọkọ̀ pákó lọ sí Kánò.
Lẹ́yìn Kánò, lẹ́tà kan péré, iyanrìn wà nínú rẹ̀.
Ó béèrè bóyá wọ́n ti dí ihò yẹn.

Wọn ò tíì dí i.
Ilé epo ló wà lórí béèsì kìíní báyìí.
Ojú bàbá mi ti ṣú, ṣùgbọ́n tójò bá ṣú,
á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọjú sápá ibi tí pápá wà,
á ní, "Ta ló kàn tó máa gbá?"

"Èmi ni," ni mo máa ń wí,
èmi tí n kò fọwọ́ kan igi rí láyé mi.