Ohun Tí Òǹkọ̀wé Kò Sọ

Aago mẹ́ta òru ní Dóńkásítà.
Ẹ̀rọ amúlémóoru ń kùn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
Mo tẹ́ ìwé sórí tábìlì tí a ti ń ka oògùn,
mo gbé aago ìdáná tì í,
èyí tí a fi ń ṣọ́ ẹyin àwọn arúgbó.
Ìbéèrè méjìlélógójì,
ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rùn-ún,
kí wọ́n tó wá ní kí n kọ àròkọ.

Àwọn ọmọ tí a jọ máa jókòó ṣe é,
ìyá wọn ló ń gbé tíì bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì.
Èmi ni mo ń gbé tíì fún ìyá ẹlòmíì.

Àyọkà kẹrin: ọ̀rọ̀ lórí owó orí àti ṣúgà.
Kí ni òǹkọ̀wé gbà pé òótọ́ ni
tí kò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ?
Lẹ́tà márùn-ún tò sísàlẹ̀, ọ̀kan péré ni kò parọ́.

Mo rẹ́rìn-ín.
Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi,
bàbá mi á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan,
àlejò á mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
Ìyá mi á ní, “Ìbíwùmí, o ti jẹun?”
Mo ti mọ̀ pé ó ti ka ẹran inú ìkòkò.
Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí,
bó bá dénú rẹ̀, a di odindi.

Àmọ́ ìdánwò yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa.
Ó ní kí n jẹ́ kí ààbọ̀ wà ní ààbọ̀.
Ohun tí mo mọ̀ nípa ṣúgà,
kí n bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà.
Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣubú.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́tàdínlógún ni mo gbà.
Mo ní mo gbọ́n ju ìbéèrè lọ ni,
àbí ṣe ni mò ń tan ara mi.

Aago yàrá keje dún.
Mísíìsì Ackroyd ní òun fẹ́ omi.
Omi wà níwájú rẹ̀, ó kún dẹ́nu ife.
Mo jókòó, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú,
ọwọ́ tó fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Ó ní, “Ṣé ojúmọ́ ti mọ́?”
Ohun tó gbà pé òótọ́ ni tí kò sọ:
bí mo bá jáde, ilẹ̀ lè má mọ́.
Mo mọ ìdáhùn yìí dáadáa,
kò kàn ní lẹ́tà ni.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti lọ. Mi ò dá aago náà dúró.
Wọn ò ní dá a dúró fún mi lọ́jọ́bọ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi òfin ṣe.
Mo ti fọwọ́ sí ìwé kan rí
ní ọ́fíìsì kan tó ń rùn fún kọfí.
Ojú ìwé mẹ́sàn-án, mo ka méjì.
Obìnrin tó gbé e fún mi rẹ́rìn-ín,
ó ní bákan náà ni gbogbo wọn.
Ojú ìwé kẹfà ló ń jẹ owó oṣù mi títí dòní.

Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ni ilé ìdánwò náà wà;
ibẹ̀ náà làwọn tó fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ ti ń dáhùn tiwọn.
Wọ́n á ní kí n tú àpò mi síta,
kí n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè,
kí wọ́n wò bóyá mo kọ nǹkan sára.
Báírò ni mo fi kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́:
yàrá keje, yí i sí ọ̀tún láago márùn-ún.
Màá fọ̀ ọ́ kó tó dìgbà náà.

Aago tún dún.
Àyọkà karùn-ún: bóyá ẹja ń mọ ìrora.
Mo gbé ìwé náà dání lọ.
Mo ní, “Mísíìsì Ackroyd, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹja ń mọ ìrora?”
Ó ronú títí,
ó yíjú sí fèrèsé,
ó ní, “Ta ló ń béèrè?”