Má Fà Á

Lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ epo, lójú ọ̀nà Ògìdì,
níbi tí àpáta ti yọrí sókè bí àgbà tó fẹ́ bi ni léèrè ọ̀rọ̀,
la gbé tọ́báìnì sí.
Àlòkù ni. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ó tún wọ tírélà,
ọ̀dà rẹ̀ ti bó níbi tí okùn ti há a.
Èèpo ẹkùrọ́ ni yóò máa jó lábẹ́ bọ́ílà,
omi yóò gbóná kọjá híhó,
ooru yóò gba inú páìpù wọlé, yóò yí i,
iná yóò sì tàn láìjẹ́ pé a bẹ Nẹ́pà.

Ó ku páìpù kan.
A gbé e sókè, a wò ó:
fúláńjì kọjú sí fúláńjì,
ṣùgbọ́n ojú ò ṣe ẹ̀kan.
Àlàfo ìka méjì lókè,
ìka kan àbọ̀ nísàlẹ̀,
ihò bóòtù sì yà sọ́tùn-ún díẹ̀
bí ojú ẹni tó ń purọ́.

Arókoyọ̀ tó ni iṣẹ́ ní, "Ẹ fi ṣéènì fà á.
Sátidé ni àlejò ń bọ̀."
Mo ti di ṣéènì mú. Ó ti rẹ èmi náà.

Ayékọ́mọgbọ́n ò gbóhùn sókè.
Mo retí òwe. Kò pa òwe kankan.
Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó nuwọ́ sí ṣòkòtò,
ó yọ géèjì kékeré látinú ìbọ̀sẹ̀ tó fi ń pa á mọ́,
ó gbé e ti ọ̀pá tọ́báìnì.
"Ó dáa. Fà á. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí ni kí o máa wò."

Mo fà á. Ṣéènì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Fúláńjì sún mọ́ra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu konu,
abẹ́rẹ́ sì gbéra,
ó kọjá ilà kan, ó kọjá méjì, ó dé mẹ́fà.
Ẹ̀rọ tí ọkùnrin méjìlá ò lè mì
ti yẹ̀ sápá òsì,
tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú kọnkéré.

"Tútù nìyẹn o," ni ó wí. "Kò tíì gbóná.
Tí ooru bá dé, páìpù á nara
bí ọmọ tó jí lójú oorun.
Tí kò bá ráyè nà sí, ta ni yóò tì?"

Mo tú ṣéènì sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ padà sí òdo.

A gé e.
Arókoyọ̀ wọ mọ́tò rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàà.
A yọ fẹ́ẹ́rẹ́, bí èékánná,
wẹ́dà wa, ọmọ Mọ̀pà tí kì í sọ̀rọ̀,
jó díẹ̀ lọ́tùn-ún, ó jó díẹ̀ lósì,
kí irin má baà tẹ̀ síbì kan.
Sípíríǹgì tó gbé páìpù rọ̀ ṣì wà ní títì pẹ̀lú ìṣó rẹ̀;
Ayékọ́mọgbọ́n ti búra: ẹni tó bá yọ ìṣó náà
kí a tó fi omi dán páìpù wò
yóò fẹsẹ̀ rìn dé Kàbà.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọyẹ́ ti bo àpáta.
A tún gbé e sókè.
Ó ní kí n mú bóòtù kan,
kí n má mú òòlù, kí n má fẹsẹ̀ tì í,
ìka méjì péré.
Mo fi í sẹ́nu ihò.
Ó wọlé fúnra rẹ̀
bí ẹni tó ń wọ yàrá ìyá rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn.
Ìkejì. Ìkẹta. Mẹ́jọ ni gbogbo wọn.
A fún wọn ní ìfojúkojú, díẹ̀ díẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ò mira.

Ayékọ́mọgbọ́n bẹ̀rẹ̀, ó fàtẹ́lẹwọ́ kan irin.
"Ọ̀kun o," ni ó wí,
bí a ti ń kíra níhìn-ín, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.
Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló kí, àbí ẹ̀rọ.
Mo dá a lóhùn.