Etí Dáàmù Àsà, Oṣù Bélú

Kí wọ́n tó kírun àárọ̀ tán ní Pàkátà
Bàbá Wòrú ti so okùn bàtà rẹ̀,
ó ti fi aṣọ ìnura wé awò-ìwojìnnà rẹ̀
bí ẹni wé ọmọ jòjòló.
"Bí o bá fẹ́ mu kókò, mu ún. Ẹyẹ ò ní dúró dè ọ́."
Mo gbé fúláàsì. Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀.
Oníkẹ̀kẹ́ bi wá pé ta la fẹ́ lọ kí
létí dáàmù, ní kùtù báyìí.
"Àlejò," ni Bàbá wí, "òkè òkun ni wọ́n ti dé."
Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n rántí òun náà.

Ọyẹ́ ò tíì le, ètè nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bó.
Odò Àsà ti fà sẹ́yìn lẹ́bàá koríko,
ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, ó ń dán bí ìdí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Orí ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n wà,
ẹyẹ kéékèèké, ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀,
wọ́n ń sáré, wọ́n ń dúró, wọ́n tún ń sáré,
bí ẹni tó sọ owó nù tí ò fẹ́ kí ará ọjà mọ̀.
N ò mọ orúkọ wọn. Bàbá ní bóyá wọn ò ní:
ẹni tó ń kọjá lọ kì í dúró gba orúkọ.
Síbẹ̀ ó sọ ọ̀kan ní Ajùrù-má-sinmi.
Lékèélékèé pọ̀. A ò ka lékèélékèé.
"Ẹ má bínú," ó wí fún wọn, "gbogbo ayé ló mọ̀ yín."

Ẹyọ kan la wá wá.
Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọdún tí aya rẹ̀ kú,
Bàbá jókòó sórí òkúta yìí. Kì í ṣe ẹyẹ ló wá wò,
ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bá a kẹ́dùn ló ń wá.
Àṣá kan já láti òkè, ikùn funfun,
ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọmi, ó fa ẹja yọ,
ó gbọn ara lófuurufú bí ajá.
Oṣù kejì ló ra awò.

Ńdàgi apẹja, ọmọ Pátígi, kí wa látinú ọkọ̀.
A bi í. Ó ní òun rí i lánàá.
Tàbí níjẹta. Tàbí awòdì ni.
Ẹja tòun lòun ń ṣọ́.

A jẹ wàrà. Oòrùn gun wa lórí.
Awòdì mẹ́ta. Àkọ̀ kan, ó dúró bí ẹni tí gbèsè dè.
Mo sùn díẹ̀. N ò sọ fún un.

Nígbà tí òjìji gùn, Bàbá ṣe àlùwàlá,
ó tẹ́ aṣọ ìnura náà, ó kẹ́yìn sí omi,
ó fi awò kọ́ mi lọ́rùn.
Ó ti forí kanlẹ̀
nígbà tí nǹkan kan ṣíji bo ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì kọjá.

Mo lanu. Mo pa á dé.
Ta ni yóò ké "ẹ wò ó!" sí ẹni tó wà níforíkanlẹ̀?
Ó dúró lófuurufú, ó ń lu apá,
mo rí ìlà dúdú tó gba ojú rẹ̀ kọjá
bíi tìróò tí ọmọdé fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé,
mo rí òrùka lẹ́sẹ̀ òsì: àwọn kan ti mú un rí,
wọ́n sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀.
Ó já. Omi là.

Nígbà tí Bàbá sálámà sọ́tùn-ún, ẹja ti kúrò lódò.
Nígbà tó sálámà sósì, òkè ti ṣófo,
omi ló kù tó ń ṣẹ́ òrùka,
ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, títí ó fi kan ọkọ̀ Ńdàgi.

Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún.
"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Ohun tó já sómi yẹn kì í ṣe òkúta."
Ó gba bírò. Lábẹ́ Àlàmísì ó kọ ọ́:
Àṣá apẹja, ẹyọ kan. Sàrátù ló rí i.
Ó wò ó fúngbà díẹ̀, ó fi kún un:
Èmi náà wà níbẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ mìíràn ló gbé wa padà.
Kò bi wá léèrè ohunkóhun.
Aṣọ ìnura ti gba ẹrẹ̀, Bàbá sì gbé awò sáyà lásán,
ọwọ́ rẹ̀ lórí rẹ̀, títí a fi dé Pàkátà.