Iná Pupa Kékeré

Níwájú Mọ́níyà ni ojú lọ́rì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.
Iná iwájú rọ díẹ̀díẹ̀, ó rọ,
bí ẹyín iná tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ìkòkò,
pákó ìrókò ọgọ́ta wà lẹ́yìn, Bódìjà ń retí wọn.
Òṣùpá ni mo fi wakọ̀ délé.

Sùlúkáínì rìwáyà kò tilẹ̀ kí mi.
Ó fi síkírù-díráífà kan irin, ó fetí sí i:
"Ọ́tánétọ̀ rẹ ti lọ."
Bí ẹni ń túfọ̀ ló ṣe sọ ọ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Bàbá mi ló rà á.
Ọjọ́ tí wọ́n kọ BÓ PẸ́ BÓ YÁ síwájú lọ́rì yìí
ni wọ́n dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Mo gbé òkú rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó di Àràrọ̀mí,
ní Géètì, níbi tí ilẹ̀ ti mu epo dúdú yó.
"Tuntun wà," ni Kàmọ́rù wí, "Ṣáínà ni."
Ó ń dán. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí agolo wàrà.
Mo wo ìdí rẹ̀: fóòtì méjìlá.
Mẹ́rìnlélógún ni lọ́rì mi ń jẹ.
"A lè fọgbọ́n sí i," ó ní.
Ọgbọ́n! Irú ọgbọ́n yẹn ló sun lọ́rì Láṣìmí
ní Lálúpọn, tòun tẹ̀gẹ́.

Ó fa òmíràn jáde, tòkunbọ̀, ó tóbi bí orí màlúù.
"Ọgọ́fà ámpù! Ti tírélà ni!
Èyí lè tanná fún gbogbo Bẹẹrẹ."
Ó wọ̀ mí lójú, n kò ní purọ́.
Ta ni kì í fẹ́ agbára?
Owó ti ń yún mi lápò.

Ọmọbìnrin kan jókòó lórí táyà,
ó ń wé wáyà bàbà mọ́ irin, kò gbójú sókè.
Fẹ̀yìntọ́lá ni wọ́n ń pè é.
"Ẹ̀gbọ́n, iná mélòó ni lọ́rì yín ní?"
Mo kà á. Iwájú méjì, ẹ̀yìn méjì,
tiráfíkétọ̀, fèrè... ó ní fèrè kì í ṣe iná.
"Rédíò ńkọ́?"
Rédíò ti kú kí n tó jogún mọ́tò.
"Wáyà inú rẹ̀ ńkọ́?"
Wáyà bàbá mi náà ni. Tín-ín-rín,
ó ti gbẹ bí ìtàkùn ẹ̀ẹ̀rùn.
"Ẹni tó bá fẹ́ da Ògùnpa sínú ìfun adìẹ..."
Ó rẹ́rìn-ín, kò parí ọ̀rọ̀.
"Lọ́rì yín kì í ṣe tírélà. Arúgbó ni.
Ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un."

Ó tú àpò sìmẹ́ńtì mi,
ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lára òkú.
Bọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán, ó kù bí èékánná ọmọ-ọwọ́.
Wáyà inú ti jó, ó dúdú.
"Àmọ́ egungun rẹ̀ ṣì le.
Ihò bóòtù rẹ̀ mọ ẹ́ńjìnnì yín.
Èyí tí Kàmọ́rù gbé yẹn, ẹ ó gé irin, ẹ ó jó irin mọ́ irin,
bẹ́líìtì yóò tún máa fẹ̀gbẹ́ sáré."
Kàmọ́rù pòṣé. Ó ní ọmọ yìí yóò pa ọjà.

Mo dúró tì í di ìrọ̀lẹ́. Mo jẹ gúgúrú.
Ó ń ka yípo wáyà lábẹ́ ahọ́n bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà,
ó gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un wé.
Mo san ìdajì. Ìyókù di ọjọ́ tí pákó bá tà.

Láàárọ̀, Sùlúkáínì dè é padà.
Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Iná pupa kékeré abẹ́ sitíárì là,
ó ń wò mí.
Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó jí.
Gbogbo iná ayé là ń bẹ̀ pé kó má kú,
èyí nìkan là ń dúró dè kó kú.
Ó kú.
Mo pariwo, àwọn ọmọ iléèwé bojú wẹ̀yìn.

Sùlúkáínì ní kí n fọn fèrè wò.
Fèrè kò dún.
"Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn," ó ní,
ó sì na ọwọ́ owó.