Sípíríǹgì

Ní Paiko, lójú ọ̀nà tó lọ sí Minna,
ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kò ní àkọlé.
Ariwo irin ló ń júwe rẹ̀ fún àlejò.
Ìgbẹ́tì ni wọ́n ti bí Raufu,
ṣùgbọ́n èédú Paiko ló kùn ún lójú.
Àwọn ọmọ Gbagyi ń pè é ní Bayárábè,
ó sì ń dáhùn bí ẹni pé orúkọ àbísọ ni.

Ọdún méjìlélógún ló fi ń lọ́ wáyà líle mọ́ ìṣó,
tó ń rì í sínú epo gbígbóná
títí wáyà á fi kọ́ bí wọ́n ti ń fò padà sípò.
Ọ̀kan á lọ sínú àgádágodo géètì,
ọ̀kan á lọ sábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́,
ọ̀kan á lọ sídìí ṣakabùlà Ndagi ọdẹ.
Èmi ni mo ń kà wọ́n sínú agolo mílíìkì.
N kò mọ èyí tí yóò ṣílẹ̀kùn
yàtọ̀ sí èyí tí yóò pa ẹtu.

Ìwé dé lọ́jọ́ Alámísì.
Ọkùnrin méjì, ọkọ̀ kan, bébà olóǹtẹ̀:
ẹni tó bá rọ ìbọn, tàbí ẹ̀yà ara ìbọn,
tàbí ohunkóhun tó lè di ẹ̀yà ara ìbọn,
láìgbàṣẹ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni.
Bàbá mi ní kí wọ́n tún ìlà kẹta kà.
Wọ́n tún un kà.
Ó na sípíríǹgì kan sí wọn lórí àtẹ́lẹwọ́:
“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, kí lèyí?”
Èyí tó ga nínú wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní, “Ó dọwọ́ ẹni tó bá rà á.”
“Ẹ̀wọ̀n yẹn ńkọ́? Ọwọ́ ta nìyẹn dà?”
Wọ́n mu omi inú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ.

N kò ní òfin náà burú.
Mo mọ Asabe, ìyá Zhinya,
ẹni tí ìbọn yìn mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́
níbi tó jókòó sí, tó ń fi àkísà nù ún.
Bóyá inú agolo mi ni sípíríǹgì yẹn ti jáde.
Bàbá mi ò sọ nǹkan kan.
Oṣù kan gbáko ni kò fi lọ́ wáyà.

Ndagi lọ gbàwé àṣẹ ní Minna.
Fọ́tò mẹ́rin. Ìwé ẹ̀rí baálẹ̀.
Ìwé dókítà pé orí rẹ̀ pé.
Ìgbà tí à ń kọ ebè ló kọ́kọ́ lọ,
wọ́n ní kó padà wá nígbà ìwuṣu.
Ọ̀bọ ti bá a kórè ìdajì àgbàdo kó tó dé.

Àwọn tó ń gun ọ̀kadà lóru,
mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kan,
wọn ò ya fọ́tò.
Ìbọn tiwọn gba aṣálẹ̀ kọjá,
nọ́ńbà ti wà lára rẹ̀ kó tó gbéra,
ẹnìkan ló lù ú sí i nílùú tí yìnyín ti ń bọ́,
ó fọwọ́, ó lọ jẹun ọ̀sán.
Ta ni yóò mú bébà olóǹtẹ̀ lọ bá onítọ̀hún?

Ìdábùú ilẹ̀kùn ni bàbá mi ń rọ báyìí.
Ọjà ń yá, ọjà tí kò dùn mọ́ ẹni tó ń tà á.
Ndagi alára wá ra méjì,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀,
kò béèrè ohun tó fẹ́ béèrè.

Lóru àná, ìbọn ró lápá Kwakuti.
Bàbá mi dìde jókòó, ó dẹtí.
Ó ní, “Kì í ṣe tèmi.”
N kò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni tàbí ìgbéraga.

Agolo wà lábẹ́ ibùsùn mi, ó ku méje.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn,
mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀.
Kò tíì gbàgbé.